Ẹni Tí A Kò Tíì Pè

Ọjọ́ kẹta tí a sin bàbá wa sí Abàrí
ni àlejò náà dé Òkè Pópó,
ó dúró lẹ́nu géètì wa bí òpó iná,
kò wọlé.

Ẹ wọlé, a ní. Ó mi orí.
Ẹ máa bọ̀, ẹ wá jókòó. Ó tún mi orí.
Oòrùn ọ̀sán ń yan án bí ẹja,
ewé tútù kan tó já lójú ọ̀nà wà létí fìlà rẹ̀.
Wàídì àbúrò mi ní, bóyá owó ni bàbá jẹ ẹ́.

Tamati lorúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú
àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ di Bàbá Tòmátì.
Òun àti bàbá wa jọ da epo sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun
ọdún mọ́kànlá, láti Àpápá dé ìsàlẹ̀ ayé.

Ó wí fún mi, ní gẹ̀ẹ́sì tí iyọ̀ òkun ti jẹ:
Láàárín àwa Màórì,
àlejò kì í dá ara rẹ̀ mú wọ ilé ọ̀fọ̀.
Ohùn obìnrin ní í fà á wọlé.
Bí obìnrin kan kò bá pè mí,
ta ni yóò sọ fún òkú pé mo ti dé?

Mo gòkè lọ bá Ìyá Sifáwù, ẹ̀gbọ́n bàbá wa,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn láti èṣí.
Ó ní, Oríkì ta ni kí n kì? Mo mọ ilé wọn ni?
Mo ní, orúkọ òkè ìlú wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ,
àti odò wọn, kí wọ́n tó sọ ti ara wọn.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.
Òkè? Òkè Pópó yìí kò ga ju àpótí ìdáná mi lọ.
Ẹ gbé mi dé ojú fèrèsé.

Ohùn kan já bọ́ sí àdúgbò,
ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ṣì kù nínú àyà gbígbẹ yẹn:

   Wọlé, ọmọ olókè tí n kò gùn rí,
   wọlé, ọmọ olódò tí n kò bù mu.
   Ẹni tí ẹ jọ jẹun nínú àwo irin kan ṣoṣo
   ti sùn, kò lè dúró dè ọ́.
   Àwa ìmàle kì í fi òkú sílẹ̀ dọ̀la, má bínú.
   Wọlé, ìwọ àti àwọn òkú tìrẹ tó tẹ̀ lé ọ wá.

Ta ló kọ́ ọ ní èyí tó gbẹ̀yìn? N kò mọ̀.
Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.
Kò nu ojú, kò nu imú, ó jẹ́ kó máa ṣàn.
Ó bọ́ bàtà. Ó fi owó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa, ó fà sẹ́yìn.
Wàídì ní, Ṣé owó là ń jù sílẹ̀ báyìí?
Mo fojú pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá wa gan-an ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa:
Làmídì, o lọ láìdágbére.
O ṣì jẹ mí ní èsì lẹ́tà kan.

Ọmọ Wàídì gun orí ìrọ̀rí, ó jókòó.
Àlejò rọra fa ìrọ̀rí náà yọ, ó tọ́ka sí orí ara rẹ̀.
Orí ni, Ìyá Sifáwù ní. Ta ni kò mọ̀ pé orí ni?

Nígbà tí a ti Abàrí bọ̀, ó wò yíká, ó ń wá omi.
Mo ti gbé bútà dání.

Lálẹ́, ó di Wàídì léjìká mú,
ó fi imú kan imú rẹ̀, iwájú orí kan iwájú orí.
Wàídì le gbagidi bí igi.
Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó mí, mímí gígùn,
irú èyí tí kò tíì mí láti ọjọ́ Jímọ̀.

Láti òkè, Ìyá Sifáwù ń ké:
Ṣé ó ti jẹun? Ẹ má jẹ́ kó lọ láìjẹun o,
ìrẹsì ṣì wà nínú ìkòkò.